OHUN TÍ A FI SÍNÚ ARA ẸNI: TA NI Ó NI Í?

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí a jọ ń gbé ní Kàdúná àti ní gbogbo ìlú Òkè Ọya, àwọn àgbà ní ìlera lọrọ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa lọ́dún yìí dá lórí ara. A kò ní sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ tí ó yẹ kí á jẹ tàbí egbòogi tí ó yẹ kí á mu, nítorí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ó wà láàárín wa ti ń sọ ìyẹn fún wa. Ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé kalẹ̀. Ó dà bí eré, kì í sì í ṣe eré. Bí a bá fi ẹ̀rọ kan sínú ara ènìyàn kí ẹ̀mí rẹ̀ lè gùn, ta ni ó ni ẹ̀rọ náà? Ṣé ẹni tí ó gbé e sínú ara ni, àbí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, àbí ẹni tí ó ń fún un ní agbára láti ìta?

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyí, kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn kì í bèèrè ìlú tí ènìyàn ti wá kí wọ́n tó wọlé. Àwọn ìdílé kan wà láàárín wa tí òbí wọn tàbí ẹ̀gbọ́n wọn ti gba ẹ̀rọ sí àyà, yálà ní ilẹ̀ yìí tàbí ní òkè òkun. Àwọn ọmọ wa náà sì ń tàn ká gbogbo ayé. Ohun tí a kò bá rò ṣáájú, ọjọ́ tí ó bá dé, ìdààmú ni kì í jẹ́ kí á rò ó dáadáa mọ́.

BÍ Ẹ̀RỌ ṢE WỌ INÚ ARA ÈNÌYÀN

Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá, ọdún 1958, ní ilé ìwòsàn Karolinska ní orílẹ̀-èdè Sweden, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tí ń mú ọkàn lù, èyí tí wọ́n ń pè ní pacemaker, sínú ara ènìyàn pátápátá. Orúkọ ọkùnrin náà ni Arne Larsson, ẹni ọdún 43. Ọkàn rẹ̀ a máa dákẹ́ lójijì, òun náà a sì dákú, nígbà púpọ̀ lójúmọ́. Ìyàwó rẹ̀, Else-Marie, ni kò jẹ́ kí àwọn oníṣègùn sinmi. Ẹnjiníà kan, Rune Elmqvist, ni ó ṣe ẹ̀rọ náà. Åke Senning, oníṣẹ́ abẹ, ni ó fi í sínú ara. Agolo tí a ń kó pólíìṣì bàtà sí ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn kò lò ju wákàtí díẹ̀ lọ tí ó fi dákẹ́, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Kí Larsson tó kú ní ọdún 2001, nígbà tí ó di ẹni ọdún 86, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ 26 ni ó ti lò. Nígbà tí òun fi kú, ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà àti ẹni tí ó fi í sí i lára ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Bátìrì wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Títí di òní, bátìrì pacemaker a máa tán lẹ́yìn ọdún bí mélòó kan, wọn a sì tún la awọ. Láti ìgbà yẹn ni àwọn onímọ̀ ti ń wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ inú ara yóò fi rí agbára láti ìta, láìsí ọ̀bẹ. Ọ̀nà kan ni ìgbì rédíò, irú èyí tí fóònù wa ń lò. Ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù nínú ara ènìyàn, omi a sì máa gbé ìgbì rédíò mì, a sọ ọ́ di ooru kí ó tó dé ibi tí ó jìn. Bí ẹ̀rọ bá sì kéré bí hóró iyanrìn, áńténà rẹ̀ kò ní tó láti mú ìgbì náà dáadáa.

ÌRÓ TÍ ETÍ KÒ GBỌ́

Ibí yìí ni ìró ti wọ inú ọ̀rọ̀. Gbogbo ìyá tí ó lóyún láyé òde òní ni ó mọ síkáànì. Wọn a fi nǹkan tútù bí jẹ́lì pa ikùn aboyún, wọn a gbé ẹ̀rọ kékeré lé e, àwòrán ọmọ a sì hàn. Ìró ni ó ya àwòrán náà. Ohun tí ó bá ti mì ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, etí ènìyàn kò gbọ́ ọ mọ́. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe síkáànì ń mì ní mílíọ̀nù ìgbà mélòó kan. Ìró kò bẹ̀rù omi bí rédíò ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Nínú ẹran ara, ó ń sáré tó 1,540 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Afẹ́fẹ́ ni kì í jẹ́ kí ó kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa jẹ́lì sí ikùn, kí afẹ́fẹ́ má bàa wà láàárín ẹ̀rọ àti awọ.

Báwo wá ni ìró ṣe ń di agbára? Ní ọdún 1880, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní ilẹ̀ Faransé, Jacques àti Pierre Curie, rí i pé àwọn òkúta kan wà tí ó jẹ́ pé bí a bá tẹ̀ wọ́n, iná mànàmáná díẹ̀ yóò jáde lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi gáàsì dáná ti rí irú rẹ̀: láítà tí a ń tẹ̀ tí ó ń ta pá, tí iná a sì mú láìsí bátìrì, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú púpọ̀ wọn. Bí ìró bá kọlù ú, ṣe ni ó ń tẹ̀ ẹ́, iná a sì jáde. Bí a bá sì fi iná sí i, òun náà a mì, a sì mú ìró jáde. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Paul Langevin lo ọgbọ́n yìí láti fi wá ọkọ̀ ogun abẹ́ omi. Ní ọdún 1958, ọdún kan náà tí Larsson gba ẹ̀rọ sí ara, Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow kọ ìwé tí ó fi han ayé bí a ṣe lè fi ìró wo inú ikùn.

Ọ̀nà méjèèjì ti wá pàdé báyìí. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley fi ẹ̀rọ kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 3 sára iṣan eku. Kò ní bátìrì kankan. Ìró láti ìta ni ó ń fún un ní agbára. Bí ó bá fẹ́ jábọ̀, kò ní pariwo. Bí ìró ṣe ń ta padà lára rẹ̀ ni yóò máa yí díẹ̀díẹ̀, àwọn tí ó wà ní ìta a sì ka ohun tí iṣan ń wí láti inú gbohùngbohùn náà. Ní ọdún 2021, àwọn ti Yunifásítì Columbia ní New York ṣe èyí tí ó kéré débi pé abẹ́rẹ́ lè gbé e wọ ara, kí ó máa wọn bí ara ṣe gbóná sí. Ìwádìí nìyẹn ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2025, FDA, àjọ tí ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní WiSE, tí ilé-iṣẹ́ EBR Systems ṣe, fún àwọn kan tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́. Ohun kékeré bí hóró ìrẹsì ni wọ́n ń fi sínú yàrá apá òsì ọkàn, láìsí wáyà, láìsí bátìrì lára rẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn tí ó ní bátìrì, tí wọ́n fi sí abẹ́ awọ ní ìhà, ni ó ń fi ìró ránṣẹ́ sí i. Hóró náà a sọ ìró di iná, ọkàn a sì lù.

Kò yẹ kí ó ya Yorùbá lẹ́nu pé ìró lè gbé ọ̀rọ̀. Dùndún ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa láti ayébáyé. Ohun tí ó jẹ́ tuntun níbí ni pé ìró kan náà ni ó gbé ọ̀rọ̀ tí ó tún gbé oúnjẹ. Ẹni tí ó ń pe ẹ̀rọ náà ni ó ń bọ́ ọ. Bí ó bá dákẹ́, ebi ti pa á nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè wa ti bẹ̀rẹ̀.

ILÉ TÌRẸ, INÁ TI ẸLÒMÍRÀN

Àwa tí a ń gbé ní Nàìjíríà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè kọ́ wa lọ. Ènìyàn lè kọ́ ilé, kí ó ra wáyà, kí ó ra gílóòbù, kí ó sanwó fún ẹni tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ilé jẹ́ tirẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Bí àwọn tí a ṣì ń pè ní NEPA títí di òní bá mú iná, òkùnkùn náà di tirẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ilé, a lè tan jẹnẹrétọ̀. Nínú àyà ńkọ́?

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbì rédíò ni ti wọn, kì í ṣe ìró. Ní ọdún 2013, FDA fọwọ́ sí ẹ̀rọ ojú kan tí ó ń jẹ́ Argus II, tí ilé-iṣẹ́ Second Sight ní Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn tí irú àìsàn ojú kan ti fọ́ lójú. Kámẹ́rà wà lára awò ojú tí wọ́n ń wọ̀. Awò náà ni ó ń fi agbára àti ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tí ó wà nínú ojú. Ènìyàn tí ó ju 350 lọ ni ó gbà á. Kì í ṣe pé wọ́n ríran bí àwa ṣe ń ríran, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún wá ń mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà, ó ń rí iná tí ń tàn. Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ náà pa iṣẹ́ ẹ̀rọ náà tì. Ní ọdún 2020, owó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dá púpọ̀ nínú òṣìṣẹ́ wọn dúró. Ní ọdún 2022 ni gbogbo ayé wá gbọ́ ohun tí ojú àwọn tí ó gba ẹ̀rọ náà ń rí. Ẹni tí ẹ̀rọ ìta rẹ̀ bá bàjẹ́, kò rí ẹni tí yóò bá a tún un ṣe. Ẹ̀rọ wà nínú ojú, kò sí ohùn tí yóò pè é mọ́.

Ẹ bá wa wò ó. Kò sí ẹni tí ó jí nǹkan wọn. Kò sí ẹni tí ó lù wọ́n. Ọjà ni kò tà mọ́, àwọn oníṣòwò sì kó àtẹ wọn kúrò nílẹ̀, bí oníṣòwò ṣe ń ṣe. Síbẹ̀, gbogbo wa ni a mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́ níbẹ̀. Kí ni nǹkan náà?

GBẸ́RẸ́, ÈÈWỌ̀ ÀTI Ẹ̀RỌ̀

Kí òyìnbó tó dé ni àwọn baba wa ti ń fi nǹkan sínú ara. A kò pe ẹnikẹ́ni pé kí ó lọ sín gbẹ́rẹ́. Mùsùlùmí àti Kristẹni ni ó pọ̀ jù nínú wa, oníkálùkù sì mọ ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ wí. Ìwà tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Adáhunṣe tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ kì í sín gbẹ́rẹ́ fún ènìyàn kí ó sì dákẹ́. Yóò sọ èèwọ̀ rẹ̀: ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ, ohun tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Yóò sọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú: ohun tí a ó lò bí ó bá di dandan kí agbára náà rọlẹ̀. Bí ó bá sì ti ń dàgbà, yóò fi han ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ìmọ̀ náà má bàa bá a wọ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fi nǹkan sí ọmọ ọlọ́mọ lára, tí ó fi èèwọ̀ pamọ́, tí ó fi ẹ̀rọ̀ pamọ́, ojú ìkà ni wọ́n fi ń wò ó, kódà bí oògùn náà bá jẹ́.

Nínú mẹ́ta yìí ni a rí òṣùwọ̀n tí a fẹ́ lò. Sọ èèwọ̀ rẹ̀, sọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀, fi ẹni tí yóò gba ipò rẹ sílẹ̀. Larsson pẹ́ láyé lẹ́yìn àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ìmọ̀ náà ti di ti gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ oníṣègùn mìíràn wà tí ó lè bójú tó o. Àwọn tí ó gba ẹ̀rọ ojú kò rí irú ẹ̀, nítorí pé àṣírí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni.

Àṣírí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Agbẹjọ́rò kan wà ní Amẹ́ríkà, Karen Sandler, tí ọkàn rẹ̀ tóbi ju bí ó ti yẹ lọ láti ìbí, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí ń ta ọkàn jí sí i láyà. Ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ka ìlànà kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀lé. Wọn kò gbà. Nígbà tí ó lóyún, tí ọkàn rẹ̀ ń lù kíákíá bí ti aboyún, ẹ̀rọ náà ṣì í mọ̀, ó sì ta á bí ẹni pé ikú ni ó ń bọ̀. Ohun tí ó ń sọ fún gbogbo ayé láti ìgbà náà ni pé, kò yẹ kí ohun tí ó lè gba ẹ̀mí òun là tàbí kí ó ṣe òun léṣe jẹ́ àṣírí fún òun.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó lẹrú ni ó lẹrù. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá wí pé àwọn ni ó lẹrù tí ó wà láyà ènìyàn, kí wọ́n ṣọ́ra, nítorí òwe náà lè yí po mọ́ni lọ́wọ́: ẹni tí ó lẹrù lè bẹ̀rẹ̀ sí rò pé òun lẹrú. Èrò tiwa nìyí. Ẹni tí ó ń gbé inú ara ni ó ni ẹ̀rọ tí ó wà nínú ara náà. Ẹni tí ó ṣe é ni ó ni gbèsè rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ náà kò bá lè ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ó gbọ́ ohùn rẹ̀, gbèsè náà kò tíì tán, kódà bí a ti san owó rẹ̀ tán pátápátá.

ETÍ TA NI Ó Ń GBỌ́ GBOHÙNGBOHÙN?

Ohun tí ó bá lè gba ọ̀rọ̀ láti ìta yóò sọ̀rọ̀ jáde pẹ̀lú, ẹlòmíràn sì lè gbọ́. Ní ọdún 2016, ilé ọkùnrin kan jóná ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọlọ́pàá fura sí i pé òun ni ó sun ún. Wọ́n gba àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú pacemaker rẹ̀ láti fi wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù ní àkókò náà, ní ọdún 2017 adájọ́ sì gbà pé kí wọ́n lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ọkùnrin náà kú ní ọdún 2020 kí wọ́n tó parí ẹjọ́. A kò mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi, kì í sì í ṣe ìyẹn ni a ń wí. Yorùbá gbà pé ènìyàn lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú, pé inú ẹni ni yàrá tí ó kẹ́yìn tí àlejò kì í wọ̀. Nísinsìnyí, ọkàn ẹni ti lè jẹ́rìí lórí ẹni nílé ẹjọ́.

Ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ó bá lè pè é fún rere lè pè é fún ibi. Ní ọdún 2007, nígbà tí Dick Cheney jẹ́ igbá-kejì ààrẹ Amẹ́ríkà, dókítà rẹ̀ ti ọ̀nà tí a fi lè bá ẹ̀rọ àyà rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí wáyà pa, kí ọ̀tá má bàa gba ibẹ̀ wọlé. Ní ọdún 2017, FDA kéde pé kí àwọn ènìyàn tí ó tó 465,000 ní Amẹ́ríkà lọ bá dókítà wọn láti tún ìlànà inú pacemaker wọn ṣe, nítorí àlàfo kan tí olè lè gbà wọ ibẹ̀. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fara pa, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a rí i pé kò tì dáadáa, a kì í sùn ká má tì í.

Níbí ni ìró ti sàn ju rédíò lọ. Ìró kò lè fò kọjá afẹ́fẹ́ láti ẹ̀yìn ògiri wọ inú àyà ẹni. Ẹni tí yóò fi í pe ẹ̀rọ ní láti gbé ọwọ́ lé ara, kí awọ kan awọ. Ó jọ ohun tí a mọ̀: kí o tó tọ́jú mi, wá sọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n kí á má tíì yọ̀ jù. Bí ẹ̀rọ tí ó wà lórí awọ bá tún ń bá fóònù sọ̀rọ̀, tí fóònù sì ń bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, ẹnu ọ̀nà ni a kàn gbé láti inú yàrá wá sí ìta gbangba. Ó ṣì ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́, ó sì yẹ kí onílé mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

BÍ A BÁ DẸ́KUN PÍPÈ É

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó le ju gbogbo èyí lọ. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé bàbá arúgbó kan wà lórí ibùsùn, àìsàn mìíràn ti ń mú un lọ, ẹ̀rọ sì ń ti ọkàn rẹ̀ kí ó máa lù. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ èyí tí ń gba agbára láti ìta, kò sí pé a ń la àyà. Ẹni kan kàn lè ṣíwọ́ pípè é ni. Ṣé ìyẹn jẹ́ pé a pa bàbá, àbí a jẹ́ kí ó lọ?

Àwọn kan yóò ní Ọlọ́run ni ó ni ẹ̀mí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àwọn mìíràn yóò ní bí Ọlọ́run bá ti pe ènìyàn, kí ẹ̀rọ má dí ọ̀nà. Ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó ń pe orúkọ Ọlọ́run kan náà, kò sì sí èyí tí a lè sọ pé ó ń ṣeré. Ohun tí ó dá wa lójú ni ẹni tí kò gbọdọ̀ pinnu. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ àbúrò tí ó ń wo ilé tí bàbá yóò fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí bàbá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nígbà tí ara rẹ̀ yá, tí orí rẹ̀ sì pé, ni ó yẹ kí ó lékè. Bí kò bá sì sọ ọ́, àwa ni a kò bi í.

Ó sì jẹ́ àṣà wa láti má bi í. Bí àìsàn bá dé, ẹbí a pe ìpàdé. Ti Òṣogbo a pe, ti Ìbàdàn a pe, èyí tí ó wà ní London a pe pẹ̀lú, gbogbo wọn a sì fẹnu kò lórí fóònù. Ẹni tí ó ni àyà gan-an, wọn a ní kí ó má ṣe ìyọnu. Ìfẹ́ ni ó fà á, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò bi ni léèrè lè ṣini lọ́nà.

ẸNI TÍ OMI Ń GBÉ LỌ

Ẹnìkan lè wí pé gbogbo àròjinlẹ̀ yìí, ti ẹni tí ó ti yó ni. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í ráyè bèèrè irú igi tí wọ́n nà sí òun. Bí ikú bá ń kan ilẹ̀kùn, ta ni yóò máa bèèrè àṣírí kọ̀ǹpútà? Òtítọ́ ni. A kò sọ pé kí aláìsàn kọ ìwòsàn. Larsson kò bèèrè nǹkan kan, ó sì lo ọdún 43 sí i láyé.

Ṣùgbọ́n nítorí pé ẹni tí omi ń gbé lọ kò lè bèèrè ni ẹrù náà fi wà lọ́rùn àwọn tí ó dúró ní etí omi. Aláìsàn kò lè dúnàádúrà, nítorí náà oníṣòwò kò gbọdọ̀ bá a ṣe bí ẹni pé ọjà lásán ni wọ́n jọ ń ná. Òfin sì gbọdọ̀ ti bá a bèèrè kí ó tó dé ibẹ̀. Àwa ẹbí, tí ẹsẹ̀ wa ṣì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ni ó yẹ kí á bá a bèèrè.

A sì tún gbọdọ̀ ro ti àwọn tí kò rí igi kankan. Nígbà tí ẹni tí ó ní pacemaker bá kú ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá fẹ́ sun òkú rẹ̀, wọ́n ní láti kọ́kọ́ yọ ẹ̀rọ náà kí bátìrì má bàa bú gbàmù nínú iná. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan ń gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹbí, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó lè wúlò fún àwọn tí kò ní owó tuntun. Wọ́n dán an wò ní orílẹ̀-èdè méje, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ní ọdún 2024 wọ́n kéde pé àwọn èyí tí wọ́n tún ṣe kò burú ju tuntun lọ. Ẹbí òkú kan ní òkè òkun gbà pé ohun tí ó wà láyà ẹni wọn jẹ́ tiwọn láti fi tọrẹ, ọkàn ẹnì kan ní ibòmíràn sì ń lù. Nígbà tí a bá gbà pé ẹ̀rọ jẹ́ ti ẹni tí ó wà lára rẹ̀, irú oore báyìí ni ó lè ti ibẹ̀ jáde.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Àwa tí a ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé ohun tí a kò kọ sílẹ̀ dà bí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín bá fẹ́ gba ẹ̀rọ sínú ara, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́rin, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Kí ni èèwọ̀ rẹ̀? Kí ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀, ta ni ó lè pa á, ta ni ó lè yọ ọ́? Bí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é bá kógbá sílé, tàbí tí aláìsàn bá kó láti ìlú kan lọ sí òmíràn, ta ni yóò máa bójú tó o? Ohun tí ẹ̀rọ náà bá sọ, ta ni ó ń gbọ́ ọ, níbo ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí? Ẹ gba káàdì tí orúkọ ẹ̀rọ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹnì kan nílé mọ ibi tí ó wà.

Àjò ni a wà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa dá nìkan jókòó níwájú dókítà láìní ẹni tí yóò bá a bèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tí ó ti fẹ̀yìn tì wà, àwọn ẹnjiníà wa wà, àwọn tí ó gbọ́ Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa wà. Owó tí ẹgbẹ́ ń dá nígbà àìsàn dára, a kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá ni jókòó, tí yóò bá ni bèèrè, tí yóò sì yí padà sí aláìsàn pé, "Bàbá, kí ni ẹ̀yin fúnra yín fẹ́?" òun náà jẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí owó kò lè rà.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí á fi ọkàn wa ṣe ẹrú ohùn ẹnikẹ́ni. Kí ó fún àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ní ọgbọ́n, kí ó sì fún wọn ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run pẹ̀lú. Àwọn tí ara wọn kò yá nínú wa, kí ara ó tú wọn. Ọdún tí ń bọ̀, ẹsẹ̀ kò ní dín, kàkà kí ó dín, ṣe ni yóò máa lé sí i. Àmín, àṣẹ.